GBOGBO ẸRÙ LÓ NÍ Ọ̀TÁ TIRẸ̀: ÌTÀN BÍ ẸRÙ TI Ń RÌN LÁÀRIN AKÚRẸ́ ÀTI ETÍ ÒKUN

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ bojú wẹ̀yìn díẹ̀ lórí ọ̀ràn kan tí àwọn òpìtàn wa kì í sábà bá wa sọ. Wọ́n ti sọ ìtàn ọba fún wa, wọ́n ti sọ ti ogun àti ti oyè. Ṣùgbọ́n ìlú kì í jẹ oyè sùn. Ohun tí ó ń bọ́ ìlú ni ẹrù tí ó ń wọlé àti èyí tí ó ń jáde, àwọn tí ó sì mọ bí a ti í dì í, bí a ti í gbé e, àti bí a ti í tọ́jú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ni í.

Láti orí aláàárù ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, n óò sì bá a dé orí ẹ́ńjìnnì tí àwọn ará etí omi ń kọ́ sí ìdí ọkọ̀ wọn, èyí tí àwọn ọmọ wa ń gbé lọ gbé bọ̀ láàrin Akúrẹ́ àti Igbókọ̀dá lónìí. Mo ní ìdí tí mo fi yan ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ óò sì gbọ́ ọ níwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi.

ÌGBÀ ORÍ ÀTI ẸSẸ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn baba wa ní Akúrẹ́ mọ èyí dáadáa, nítorí pé àárín ọ̀nà púpọ̀ ni Ọlọ́run fi wá sí. Ọ̀nà Ìbíní wà ní ìlà-oòrùn, láti ibẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àti aṣọ ti ń wá. Àwọn oníṣòwò Ìbíní tí wọ́n dúró sí àárín wa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe àwọn ọmọ wọn ní Adó Akúrẹ́ títí di òní. Ọ̀nà Èkìtì àti Iléṣà wà ní òkè. Ọ̀nà Oǹdó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, nǹkan bí 30 máìlì sí Oǹdó, láti ibẹ̀ ni ó sì ti wọ inú igbó lọ bá àwọn odò tí ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà.

Kò sí ẹṣin tàbí kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó lè pẹ́ nínú igbó wa, nítorí eṣinṣin tí ń pa ẹran ọ̀sìn. Orí ènìyàn ni ọkọ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn ni táyà. Aláàárù á ká òṣùká lé orí, á sọ ẹrù lé e, á di ọ̀pá rẹ̀ mú, á sì máa tọ ipa ọ̀nà tóóró lọ. Owó pàápàá jẹ́ ẹrù nígbà náà. Ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹni tí ó bá sì ti rù ú kò tún lè ru ohun mìíràn mọ́. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó fẹ́ fi ọ̀kẹ́ márùn-ún rajà ní láti wá orí márùn-ún tí yóò ru owó náà lọ, kí ó tó wá orí tí yóò ru ọjà náà bọ̀. Ní ẹnu ibodè, oníbodè ń dúró de olúkúlùkù wọn láti gba tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí jù lọ ni ọgbọ́n ìtọ́jú ẹrù. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé gbogbo ẹrù ló ní ọ̀tá tirẹ̀. Ọ̀tá obì ni gbígbẹ. Nítorí náà ewé gbòdògì tútù ni wọ́n fi ń wé e, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ewé náà kí obì má baà rọ. Ọ̀tá iyọ̀ ni ọ̀rinrin. Nítorí náà orí àjà lókè ààrò ni wọ́n ń gbé e sí. Iṣu ní tirẹ̀ kò fẹ́ òòrùn, kò fẹ́ omi, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun wúwo lé òun lórí. Ẹ wo bí àwọn baba wa ti ń ṣe é nínú ọgbà iṣu: wọ́n á rì òpó, wọ́n á so iṣu mọ́ ọn ní ìnàró, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kọjá, wọ́n á sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Ní ìnàró, lábẹ́ ìbòòji, pẹ̀lú atẹ́gùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí a óò tún padà bá a.

Ọ̀NÀ OǸDÓ

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun ti dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí ó ti Èkó wá sí òkè. Ìjẹ̀bú di ọ̀nà tiwọn mú, Ẹ̀gbá sì di tiwọn mú. Oǹdó pàápàá wà nínú ìjà abẹ́lé, àwọn ará ìlú náà sì ti fọ́n ká. Ìgbà náà ni Glover, aláṣẹ ìlú Èkó, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà mìíràn. Ó rán àwọn ènìyàn lọ ba Oǹdó tún ìlú wọn ṣe, ní 1872 ni ìlú náà sì tún fìdí múlẹ̀ tí ọ̀nà sì là.

Báyìí ni ọ̀nà náà rí. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú omi á gba orí ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn títí dé Atijẹrẹ ní ilẹ̀ Máhìn. Láti ibẹ̀ ẹrù á wọ inú igbó dé Oǹdó, á kọjá sí Ilé-Olújì àti Òkè-Igbó, títí dé Ifẹ̀, Iléṣà àti ilẹ̀ Èkìtì. Ọkọ̀ tí wọ́n fi igi kan ṣoṣo gbẹ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù lórí omi náà. Ibi tí omi kò bá jìn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń tì í. Ibi tí ó bá jìn, àjẹ̀ ni. Bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ ire, wọ́n á ta ìgbòkun. Bí atẹ́gùn kò bá fẹ́, apá ni yóò sọ ọ́.

Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ní 1877, ọ̀nà yìí di ọ̀nà ẹ̀mí. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó kó ara wọn jọ, wọ́n dá owó, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé àti ọta, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sílé gba orí ọ̀sà àti ọ̀nà Oǹdó. Ìró àwọn ìbọn wọ̀nyí ni a gbọ́ pé ó bí orúkọ Kírìjì. Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lẹ́yìn odi ni wọ́n; irú ẹgbẹ́ tí ó ń tẹ ìwé ọdọọdún yìí jáde ni. Ẹ sì kíyè sí ẹrù wọn pẹ̀lú. Ọ̀tá ẹ̀tù ni omi, bẹ́ẹ̀ ni orí omi ni ẹ̀tù ní láti gbà. Ẹ̀tù tí ó bá rin kò ṣeé yìn. Akọni tí ó bá gbé ìbọn tí ẹ̀tù rẹ̀ ti rin lọ sójú ogun, igi ni ó gbé dání. Nítorí náà inú àgbá tí a dé pinpin ni ẹ̀tù ń gbé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá iná nítòsí rẹ̀. Ọ̀tá méjì ni ẹrù yìí ní lẹ́ẹ̀kan náà, omi àti iná. Ẹ ó rí i pé ó jọ ẹ́ńjìnnì.

Òkìkí etí omi náà dé Yúróòpù. Ní 1885 ilé iṣẹ́ oníṣòwò Gaiser ti ilẹ̀ Jámánì bá Amapetu ti Máhìn ṣe àdéhùn lórí etíkun rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892 tí ọ̀nà tiwọn là, tí àdéhùn àlàáfíà tí a ṣe ní 1886 sì já sí títú àwọn ibùdó ogun Kírìjì ká ní 1893, iyì ọ̀nà Oǹdó dínkù. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ẹrù púpọ̀ sì yí ojú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà omi kò kú. Láti Agbabu lórí odò Olúwa àti láti agbègbè Òkìtìpupa, irè oko ń bá omi lọ sí Èkó, ẹja àti iyọ̀ sì ń gòkè bọ̀.

ÌGBÀ KÒKÓ ÀTI MỌ́TÒ

Ní 1915 ni a dá Ẹkùn Oǹdó sílẹ̀ tí Akúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Mọ́tò dé lẹ́yìn náà. Kábíyèsí Afúnbíowó Adéṣidà Kìíní, Déjì Akúrẹ́, jọba láti 1897 títí di 1957. Nígbà tí ó gorí ìtẹ́, orí ni a fi ń ru gbogbo ẹrù ìlú. Nígbà tí ó wàjà, lọ́rì ni ó ń kó wọn. Nínú ìjọba ọba kan ṣoṣo ni ayé yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́rì onípákó tí a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà ń kó ènìyàn, ewúrẹ́, ẹja gbígbẹ àti àpò kòkó pa pọ̀. Kòkó tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tuntun. Ọ̀tá kòkó ni ọ̀rinrin, nítorí pé ó máa ń hu olú. Ṣùgbọ́n ó tún ní ọ̀tá kejì tí a kò fi ojú rí, èyí ni òórùn. Bí o bá gbé àpò kòkó sí ẹ̀gbẹ́ kẹrosíìnì mọ́jú, ilẹ̀ yóò mọ́ bá kòkó tí ń rùn bí kẹrosíìnì. Àwọn aṣàyẹ̀wò irè oko ló kọ́ àwọn baba wa láti to pákó sí ilẹ̀ ilé ìṣúra, kí àpò má baà fara kan sìmẹ́ńtì, kí wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ láàrin àpò àti ògiri kí atẹ́gùn lè rìn. Àpò mẹ́rìndínlógún ni ó máa ń wọ tọ́ọ̀nù kan nígbà náà. Ẹni tí ẹyọ kan bá bàjẹ́ fún nínú wọn mọ ohun tí ó sọnù, nítorí owó ilé-ìwé ọmọ ni. Kòkó yìí ni ó rán ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí lókè òkun lónìí.

Ẹ́ŃJÌNNÌ ÌDÍ ỌKỌ̀

Nígbà tí mọ́tò ń yí ayé padà lórí ilẹ̀, ohun mìíràn ń bọ̀ tí yóò yí i padà lórí omi. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, Ole Evinrude ni orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Norway ni a sì ti bí i ní 1877. Wọ́n ní ó wa ọkọ̀ àjẹ̀ lórí adágún odò lọ ra yìnyín dídùn fún obìnrin tí ó ń fẹ́, oòrùn sì yọ́ yìnyín náà kí ó tó padà dé. Bóyá bí ó ti rí gan-an nìyẹn ni o, bóyá wọ́n sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ohun tí ó dájú ni pé ní 1909 ó ti ń ta ẹ́ńjìnnì kékeré tí a lè fi há ìdí ọkọ̀, tí a sì tún lè tú kúrò. Agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin kan àti ààbọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 62 pọ́n-ùn. Ẹrù orí aláàárù kan péré nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì náà ì bá dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún náà, àwọn aláàárù wa ì bá rù ú láì sọ ọ́ kalẹ̀.

Kì í ṣe ọdún náà ni ó dé. Lẹ́yìn ogun ńlá kejì ni irú ẹ́ńjìnnì yìí bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Gold Coast àtijọ́ títí dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ilé iṣẹ́ Yamaha ti Japan ṣe ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1960, kò sì pẹ́ tí orúkọ náà fi di ohun tí ọmọdé etí omi mọ̀ bí ó ti mọ orúkọ baba rẹ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ, tí wọ́n ti jẹ́ apẹja àti agbẹ́kọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó sí etí òkun ní 1947, wọ́n tilẹ̀ ní ibi ìkan-ọkọ̀ tiwọn. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ń bá ọkọ̀ wọn lọ dé Kamẹrúùnù.

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì wọ omi ni ọ̀nà kúrú. Ibi tí àjẹ̀ fi ọjọ́ kan wà, ẹ́ńjìnnì fi wákàtí díẹ̀ parí rẹ̀. Ẹja tútù bẹ̀rẹ̀ sí dé ọjà ní tútù. Iṣu, gààrí àti ẹ̀wà láti òkè sì ń dé abúlé orí omi kí ebi tó pa ọmọ. Ọjà Ìsìkàn wa jẹ nínú àǹfààní yìí: ìyá tí ń ta iṣu níbẹ̀ lè má tíì fi ojú rí òkun rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹ iṣu rẹ̀ lè máa sùn ní ilé tí a kọ́ sórí omi. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976 tí Akúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, ìdè náà le sí i. Ìwé ìdánwò àti oògùn ilé ìwòsàn, gbogbo wọn ní láti ti ọ̀nà yìí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa àti Igbókọ̀dá, kí wọ́n tó wọ inú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì.

OHUN TÍ MO FI OJÚ ARA MI RÍ

Níhìn-ín ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ tèmi. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Nígbà tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n rán mi lọ sí ilé-ìwé kan ní abúlé orí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọmọ orí ilẹ̀ ni mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó lè rìn lórí afárá pákó láì di ọmọ ilé-ìwé mú. Abúlé náà ní ọkọ̀ kan tí gbogbo wọn jọ ń lò, ẹ́ńjìnnì ìdí rẹ̀ sì ní agbára ẹṣin 15. Ní àkókò kan ẹ́ńjìnnì náà ṣàìsàn. Nítorí pé mo ń lọ sílé fún ìsinmi, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tí mo mọ̀ ní Akúrẹ́. Mo gbé e lọ. Mẹkáníìkì náà tún un ṣe, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀mù omi, ó ta á, ó sì ń kọrin bí ẹyẹ.

Ní ọjọ́ tí mo ń padà, òjò ń rọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní òrùlé ni mo rí. Èmi fúnra mi ni mo bá wọn gbé ẹ́ńjìnnì náà sókè. Mo tẹ́ ẹ sórí àpò iṣu, mo gbé ìdí rẹ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àyè wà. Ike epo bẹntiróòlù wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àpò iyọ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Awakọ̀ béèrè pé, “Tíṣà, ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?” Mo ní ó dára. Láti Akúrẹ́ dé Oǹdó, láti Oǹdó dé Ọ̀rẹ̀, láti Ọ̀rẹ̀ dé Òkìtìpupa àti Igbókọ̀dá, kòtò ń gbé e sókè, kòtò ń jù ú sílẹ̀, òjò sì ń pa á. Nígbà tí a dé, a nù ún, a gbé e sí igun yàrá kan, a kò sì ta á wò, nítorí pé epo wọ́n.

Ní òru ọjọ́ kẹfà, ìrọbí mú ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ìyá agbẹ̀bí abúlé rí i pé ọ̀ràn náà ju agbára òun lọ, ó ní kí a máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A gbé e sínú ọkọ̀. A fa okùn ẹ́ńjìnnì, kò dáhùn. A fà á títí ọwọ́ wa fi bó. Omi tí ó kù nínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà ti ṣàn sọ̀ kalẹ̀ wọ inú sìlíńdà lójú ọ̀nà nígbà tí mo dojú rẹ̀ kodò, ó ti jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, irin sì ti dípẹtà. A mú àjẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ni a jẹ́, a wà á títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ìyá náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọmọ náà kò yè.

Kò sí ẹni tí ó bá mi wí. Àwọn ará abúlé gbà pé bí Ọlọ́run ti fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí ó wá tú ẹ́ńjìnnì náà fi ipẹtà hàn mí, ó sì bi mí pé báwo ni mo ti gbé e bọ̀. Àwa a máa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà náà. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

BÍ Ó TI YẸ KÍ A MÁA GBÉ E

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo kọ́ kò ju ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ nínú ọgbà iṣu àti nínú ilé ìṣúra kòkó lọ: ní ìnàró, lábẹ́ ìbòòji, pẹ̀lú atẹ́gùn.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ́ńjìnnì tó kúrò létí omi, ẹ jẹ́ kí ó mu omi tí kò ní iyọ̀. Ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ta á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí omi dídùn lè fọ iyọ̀ inú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ okùn epo, kí ó jó èyí tí ó kù nínú kabúrétọ̀ tán. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ìnàró títí gbogbo omi yóò fi ro jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí yóò bá pẹ́ kí a tó tún lò ó, kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó kán òróró díẹ̀ sínú sìlíńdà, kí ó sì fa okùn lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kí òróró náà lè ká ara irin. Kí ó yẹ òróró jíà wò pẹ̀lú: bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ ibẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn ọkọ̀ tí yóò gbé e. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà mọ kẹ̀kẹ́ ẹrù oníyàrá tí mọ́tò kékeré ń fà lẹ́yìn. Páànù ni a fi bò ó yíká, ó ní ilẹ̀kùn àti àgádágodo. Irú rẹ̀ dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé òjò kò kàn án, eruku kò kàn án, olè kò sì rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn wẹ́dà wa lè kan irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá tí a sé pa ní ewu tirẹ̀, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa.

Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ. Kì í gòkè bí èéfín igi. Ilẹ̀ ni ó máa ń sùn sí, bí omi. Nínú yàrá tí a sé, yóò kó ara rẹ̀ jọ sí ilẹ̀, yóò máa dúró de ẹ̀tanná kan. Ẹ rántí àgbá ẹ̀tù àwọn ará Kírìjì. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ lu ihò atẹ́gùn sí ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ àti sí òkè pẹ̀lú, kí atẹ́gùn lè wọlé kí ó sì jáde. Táǹkì epo àti ike epo kò gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì wọ inú yàrá náà rárá. Ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn, kí ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, kí ó dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó wọlé. Kò gbọ́dọ̀ mu sìgá, kò sì gbọ́dọ̀ ṣá ìṣáná. Ihò atẹ́gùn náà wúlò fún ohun kejì: yàrá páànù tí oòrùn ti pa lọ́sàn-án máa ń làágùn lóru bí ìdérí ìkòkò, òógùn náà ni yóò sì máa kán lé irin lórí.

Nínú yàrá náà, kí káfíńtà kan ẹsẹ̀ igi tí ó lágbára mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, kí a sì kọ́ ẹ́ńjìnnì sí i ní ìnàró gẹ́gẹ́ bí a ti í kọ́ ọ sí ìdí ọkọ̀. Ara irin tí a fi ń há a mọ́ ọkọ̀ ni kí a ti so ó, kì í ṣe ara ìdérí rẹ̀, kì í sì í ṣe ara ọwọ́ ìtukọ̀ rẹ̀. Kí a fi àkísà tàbí fóòmù sí àárín ẹ́ńjìnnì kan àti èkejì, kí a sì wé abẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń yí nínú omi. Bí ó bá di dandan kí a tẹ́ èyí tí ó kéré, ìwé tí ó bá a wá máa ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí ó yẹ kí ó fi sùn. Ẹ kà á, orí rẹ̀ ni kí ó sì máa ga ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìbá ṣe pé mo ti ka ìwé náà.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 40 lè wọ̀n tó 70 kìlógírámù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́fà nínú wọn wúwo ju àpò kòkó mẹ́fà lọ. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà, ìdí rẹ̀ yóò máa jù sọ́tùn-ún sósì lórí eré, ó sì lè dojú mọ́tò tí ń fà á dé. Kí ẹrù tí ó wà níwájú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fi díẹ̀ ju ìdajì lọ, kí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá gbogbo ìwọ̀n náà sì jókòó lé ìkọ́ tí mọ́tò fi ń fà á. Aláàárù àtijọ́ mọ èyí láì ka ìwé: bí ẹrù bá fì sẹ́yìn lórí òṣùká, ọrùn ni yóò sọ fún un.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ẹ̀yin ọmọ Ìsìkàn, kí ni mo ń fẹ́? Ohun mẹ́ta péré ni. Èkínní, àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kò níláti dúró lórí mọ́tò àti ọ̀kadà nìkan. Iṣẹ́ wà lórí ẹ́ńjìnnì omi, àwọn ará Ìlàjẹ sì ń wá ẹni tí wọ́n lè fọkàn tán. Èkejì, mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa nílé àti ti ẹ̀yìn odi gbèrò láti kan kẹ̀kẹ́ ẹrù oníyàrá kan ṣoṣo, tí àwọn mẹkáníìkì àti oníṣòwò wa yóò máa yá lò ní owó pọ́ọ́kú. Àìrìnpọ̀ ejò ní ń jẹ ejò níyà. Bí àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ ní Èkó bá lè dá owó ra ìbọn fún ogun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti dá owó ra ohun tí yóò dáàbò bo ẹ̀mí. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ ìtàn yín sílẹ̀. Àwọn ìyá tí ó bá àwọn Ìlàjẹ ná ẹja àti iṣu nígbà bọ́lẹ̀kájà ti ń dínkù. Bí a kò bá béèrè lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí, kò sí ẹni tí yóò dá wa lóhùn lọ́la.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní orúkọ, nítorí kò pẹ́ tó láyé láti gbà á. Bí ó bá yè, ìbá ti di géńdé báyìí. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí ẹ́ńjìnnì lórí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kọjá lọ sí ọ̀nà Oǹdó, mo máa ń dá awakọ̀ dúró. Àwọn mìíràn a rò pé Tíṣà ti ń ṣarán. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e nàró.

Kí Ọlọ́run bá wa tún Ìsìkàn ṣe, kí ó sì mú àwọn arìnrìn-àjò wa gbogbo, ti orí ilẹ̀ àti ti orí omi, délé láyọ̀. Àṣẹ.